Ogbó Méjì Lórí Kásẹ́ẹ̀tì Kan: Fídíò Yorùbá ní Ìbàdàn àti Àwọn Tí Ń Ṣe Àfarawé Rẹ̀

Bí aṣọ bá ti gbó, àwọn àgbà a mú un kúrò ní ti òde, wọn a fi ṣe ti oko. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣe sí àwòrán lóde òní lòdì sí èyí pátápátá. Wọn a gbé kámẹ́rà tí ó ń ríran kedere, wọn a fi ya eré kúkúrú kan, lẹ́yìn náà ni wọn a wá máa wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi sọ àwòrán tuntun náà di ògbólógbòó, kí ó lè dà bí èyí tí ó ti inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ọdún 1988 jáde. Láti nǹkan bí ọdún 2017 ni àwọn ọ̀dọ́ olórin Èkó tí a ń pè ní ọmọ alté ti ń gbé àwòrán orin wọn jáde báyìí. Kò sì sí ohun tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní Àgbọ̀wọ́, ní òdìkejì títì sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, má ṣe irú rẹ̀, nígbà tí fóònù ọwọ́ rẹ̀ ti tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i lè ní ìranù ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ìranù lọ. Àmì tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára àwòrán wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó ti wá: òmíràn láti ara ẹ̀rọ, òmíràn láti ọwọ́ olè, òmíràn láti inú ọ̀rinrin yàrá tí a kó kásẹ́ẹ̀tì sí. Ìlú Ìbàdàn sì wà lára ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí, ogbó ẹlòmíràn ni yóò máa gbé kiri, tí yóò rò pé ti baba òun ni.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Nǹkan bí àkókò kan náà ni ìjọba yìí ń kọ́ àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Bódìjà. Àwọn tí owó wọn ká irú ilé bẹ́ẹ̀ ni owó wọn ká àpótí amóhùnmáwòrán nígbà náà. Ní ọdún wọnnì, bí àwọn òṣèré ti ń ṣe ọ̀pọ̀ eré lọ́wọ́ nínú sítúdíò ni àwọn ará ilé ń wò ó. Téèpù amóhùnmáwòrán, tí ilé iṣẹ́ Ampex ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1956, fẹ̀ tó íńṣì méjì, owó rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lílò ni wọ́n ń tún un lò, wọn kì í fi í pamọ́. Kódà BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, ńṣe ni wọ́n ń pa eré àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí téèpù ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 kí wọ́n lè rí àyè fún tuntun. Nítorí irú èyí ni ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn òṣèré alárìnjó ṣe níwájú kámẹ́rà ní Ìbàdàn, ẹnu àwọn tí ó wò ó nìkan ni ó kù sí.

Sinimá Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ lórí téèpù. Àjàní Ògún ti Ọlá Balógun, nínú èyí tí Adéyẹmí Afọláyan (Adé Lọ́ọ̀fù) ti kópa, jáde ní 1976. Ìjà Òmìnira, tí a fà yọ láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1969, tẹ̀lé e kí àwọn ọdún náà tó parí. Hubert Ògúndé gbé Ayé àti Jáyésinmi jáde. Ní 1981 ni a ya Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá nípa Ìyálóde Ìbàdàn tí gbogbo ayé mọ̀. Fíìmù gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń san án. Olówó fíìmù ni ó ń gbé e kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, bí ó ti ń gbé eré ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀dà náà kúrò lójú òun.

Ọ̀run Móoru ni ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kíkorò. Mósè Ọláìyá (Bàbá Sàlá) ná owó ńlá lé fíìmù yìí, tí Ọlá Balógun darí ní 1982. Kí owó náà tó padà wọlé, olè ti ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ẹ̀dà ayédèrú náà sì ti gba ìgboro. Gbèsè wọ ilé àgbà aláwàdà náà, ìròyìn àdánù yìí sì ń tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2018. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ sinimá Yorùbá: àwòrán ṣíṣú, ohùn tí ń hó bí epo gbígbóná. Nígbà tí ọ̀dọ́ òde òní bá wá sọ pé àwòrán ṣíṣú ń mú ìgbà dáradára kan wá sí òun lọ́kàn, ó yẹ kí ó mọ ẹni tí ó san owó ìgbà náà.

Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí iye náírà wó, fíìmù di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Àwọn kan yà sí fíìmù reversal ti mìlímítà 16. Irú fíìmù yìí kò ní ìyá tí a lè ti ara rẹ̀ bí òmíràn. Èyí tí ó ti inú kámẹ́rà jáde gan-an ni a ó fọ̀, òun náà ni a ó sì máa fi han èrò. Gbogbo ìgbà tí a bá fi í hàn ni ẹ̀rọ ń ha á lára. Níkẹyìn ni wọ́n bọ́ sórí fídíò. Muyideen Àlàdé Àrómirẹ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbójú lé e pẹ̀lú eré rẹ̀ Ẹ̀kùn. Ní 1989 ni Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, oníṣòwò ọmọ Ìgbò kan, Kenneth Nnebue, ni ó sì náwó sí i. Nnebue yìí kan náà ni ó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Bí àwọn ìwé bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀, kò burú kí òǹkàwé rántí ọ̀dọ̀ àwọn tí Nnebue ti kọ́ṣẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì VHS, tí ilé iṣẹ́ JVC ti Japan gbé jáde ní 1976, ni ó borí gbogbo irú yòókù nínú ilé. Téèpù inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 12.7 lọ, èyí tí ó gba wákàtí mẹ́ta gùn tó mítà 250. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti inú kámẹ́rà jáde ni ìyá. Ṣùgbọ́n a kì í fi abẹ gé téèpù fídíò bí a ti ń gé fíìmù. Ńṣe ni olóòtú ń ṣe àdàkọ apá tí ó bá fẹ́ láti orí kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn, títí eré yóò fi pé. Èyí ni ọmọ. Láti ara ọmọ ni oníṣòwò ti ń ṣe ẹ̀dà tí yóò tà: yóò so ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ẹyọ kan, eré oníwákàtí méjì a sì gba wákàtí méjì gbáko. Ọmọ-ọmọ nìyẹn. Bí ẹni tí ó rà á bá yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ náà sì ṣe tirẹ̀ sílẹ̀, àtọmọdọ́mọ ti dé. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ń pàdánù díẹ̀ nínú ojú ìyá. Brian Larkin, onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Kánò, jẹ́ kó yé ni nínú ìwé rẹ̀ Signal and Noise (2008) pé àbùkù àwòrán àdàkọ kì í ṣe ohun tí ó yà sọ́tọ̀ kúrò lára fíìmù ní Nàìjíríà. Ó wà lára ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n.

Nínú ìtò ìran yìí ni àwọn aláfarawé ti ń ṣìnà, nítorí àmì ìyá yàtọ̀ sí àmì ọmọ-ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọ̀ tí ń ṣàn. VHS ní àyè fún bí ìlà 240 nínú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwòrán, ṣùgbọ́n àyè tí ó fi sílẹ̀ fún àwọ̀ kò tó ìdá mẹ́rin èyí. Nítorí náà ni gèlè pupa fi ń ta àwọ̀ rẹ̀ kọjá etí aṣọ lọ sára ògiri. Èyí tọ̀nà nínú eré èyíkéyìí. Ara ẹ̀rọ ni, ìyá pàápàá ní i. Ṣùgbọ́n ariwo funfun tí ń gba àárín àwòrán kọjá, tí ó ń mú kí ojú òṣèré máa já sí méjì, kì í ṣe ti kámẹ́rà. Ìgbà tí a bá fi ẹ̀rọ kan gba téèpù, tí a wá fi ẹ̀rọ mìíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ti èkíní mu wò ó, ni ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àmì kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti rìn láti ilé dé ilé ni. Àwọn ìlà funfun kéékèèké tí ń já wàràwàrà bí ìtapàrà iná ní tiwọn jẹ́ ibi tí lúbúlúbú ara téèpù ti gbọ̀n dànù: ọjọ́ orí, tàbí eruku ọyẹ́.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ìlà jágajàga tí ó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Nínú ẹ̀rọ VHS, ìlù kan wà tí ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí méjì sì wà lára rẹ̀ tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ibi tí ọ̀kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ ni àwòrán ti ń ta gọ́ọ́. Àwọn aláfarawé fẹ́ràn ìlà yìí ju gbogbo àmì lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ring Road ní 1989 tí ó ń wo eré Yorùbá kì í sábà rí i rárá, nítorí férémù àpótí amóhùnmáwòrán bo etí àwòrán mọ́lẹ̀. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í da kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà ni ìlà náà tó jáde sí gbangba. Ohun tí wọ́n ń pè ní ojú ìgbà náà jẹ́ ohun tí ojú ìgbà náà kò rí. Ti ọjọ́ àti wákàtí tí ń tàn ní igun àwòrán kò yàtọ̀ púpọ̀: kámẹ́rà tí a fi ń ya ìkómọjáde, ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni ó ni ín, olóòtú eré tí ó mọṣẹ́ kì í fi í sílẹ̀.

Àṣìṣe tí ó fara sin ju ìwọ̀nyí lọ wà nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sọ àwòrán di ogbó. Púpọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ni ó ń farawé. Ètò NTSC ni Amẹ́ríkà ń lò: ìlà 525, àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nàìjíríà mú ètò PAL, tí ó ní ìlà 625 àti àwòrán 25. Bí àwọ̀ bá ṣìnà lójú ọ̀nà, ti Amẹ́ríkà lè sọ ojú ènìyàn di àwọ̀ ewé tàbí ti àlùkò; ti PAL a máa yí àṣìṣe náà padà láti ìlà dé ìlà, kí àwọ̀ kan kàn ṣá díẹ̀. Ẹni tí ó bá ya eré ní Bódìjà, tí ó wá fi àwọ̀ àlùkò bo ojú ìyá àgbà inú rẹ̀, ilé Amẹ́ríkà ni ó gbé ìyá àgbà náà lọ. Ti ìrìn tún wà níbẹ̀. Ìdajì-ìdajì ni fídíò ń ya àwòrán 25 náà, tí ó fi ń di ìgbésẹ̀ 50. Ìdí nìyí tí ọwọ́ jíjù àti ẹsẹ̀ gbígbé lórí fídíò fi ń yọ̀ tẹ̀lé ara wọn ju ti fíìmù lọ. Bí a bá ya eré ní 24 bí sinimá, tí a da ìdọ̀tí VHS lé e lórí, fíìmù tí ó dọ̀tí ni a ṣe, a kò ṣe fídíò.

Bí a bá wá béèrè ẹni tí ó ti fi téèpù pe ìgbà àtijọ́ padà ní èdè Yorùbá tí ó sì jẹ́ ẹ, Túndé Kèlání ni orúkọ tí yóò wá sí ẹnu. WNTV ní Ìbàdàn ni ó ti ṣe iṣẹ́ kámẹ́rà kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní London Film School. Òun ni ó di kámẹ́rà mú fún ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, Ìyá Ni Wúrà àti Ìwà wà lára wọn, kí ó tó dá ilé iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀, tí ó sì gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993. Ní 1997 ni ó fi fídíò ya Ó Le Kú, láti inú ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974. Ìtàn Àjàní ni, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí ó ń wá ìyàwó, tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wá di ìṣòro fún un; Yẹmí Ṣódìmú ni ó ṣe Àjàní.

Kèlání kò ba àwòrán rẹ̀ jẹ́ kí a tó mọ̀ pé ayé ìgbà kan ni ó ń sọ. Ó mú un mọ́ tó bí téèpù ti lè mọ́ tó, ó sì fi iṣẹ́ náà lé ohun tí ó wà níwájú kámẹ́rà lọ́wọ́: aṣọ, ọkọ̀, irun, ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìró àti bùbá kúkúrú tí àwọn obìnrin inú rẹ̀ wọ̀, tí ìró náà kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá orúnkún, gbòde kan lẹ́yìn eré náà débi pé orúkọ eré ni a fi ń pe aṣọ: oleku. Kì í ṣe gbogbo ìtàn ni ó lè mú kí télọ̀ ríṣẹ́ ṣe.

Ogbó kan nìyí, èyí tí olùdarí fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì Ó Le Kú tí a rà ní 1997 ti dàgbà. Bí a bá gbé e sínú ẹ̀rọ lónìí, àwọ̀ rẹ̀ yóò ti ṣàn, ohùn rẹ̀ yóò ti hó, funfun yóò máa já lórí rẹ̀. Ogbó kejì nìyẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè. Àwọn méjèèjì wà lórí téèpù kan ṣoṣo, ojú ọmọ tí a bí ní 2003 kò sì lè tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ogbó kejì ni ó ń gbá mú, tí ó rò pé òun ni ẹwà eré náà. Ti èkíní, tí ó gba làákàyè àti ìwádìí, ni ó ń fò kọjá.

Èyí kò fi hàn pé kò sí ìgbà tí àbùkù téèpù wúlò. Pablo Larraín, olùdarí ará Chile, ṣe fíìmù No ní 2012 nípa ìdìbò tí ó lé Ọ̀gágun Pinochet kúrò ní 1988. Ó ní àwòrán amóhùnmáwòrán tí a yà ní ọdún náà gan-an, ó sì fẹ́ lò ó. Nítorí náà ó wá kámẹ́rà fídíò U-matic ìgbà náà rí, ó fi ya gbogbo ìyókù, tí ti àtijọ́ àti ti tuntun fi wọ inú ara wọn. Ọgbọ́n rẹ̀ ní ìdí. Ó ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ní Ìbàdàn, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà méjèèjì yìí pọ̀ kò ní sinmi. Bí eré rẹ̀ bá jẹ́ ti Dùgbẹ̀ ní 1988, kí ó ṣọ́ra fún Cocoa House. Ilé gogoro tí a parí ní 1965 yìí jóná ní 1985, a kò sì tún un ṣí títí di 1992. Bí ó bá ń dán gbinrin lẹ́yìn òṣèré, irọ́ ti wọ eré nìyẹn. Ọkọ̀ Micra kò tíì di takisí nígbà náà. Òpó tẹlifóònù alágbèéká tí ó wà lókè ilé láti Challenge títí dé Àgbọ̀wọ́, ẹ̀yìn 2001 ni gbogbo wọn. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ yí padà ní 1992. Ní 1988, Òṣogbo ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí 1991 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Bí òṣèré bá wá sọ pé òun ń lọ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sí ìdọ̀tí téèpù tí yóò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Àwọn ilé kan ní Bódìjà Àtijọ́ ṣì gbé ojú tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti lè rí àyè mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ téèpù fúnra rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ayédèrú kọ̀ǹpútà a máa da eré wọn sórí VHS gidi, wọn a sì ṣe àdàkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó lè gbó bí ó ti yẹ. Ọ̀nà yìí ni ó jẹ́ òótọ́ jù, òun náà ni ó sì léwu jù. Ilé iṣẹ́ Funai ti Japan, tí ó kù gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà, dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tuntun ṣọ̀wọ́n. Ògbólógbòó tí nǹkan ti wà lórí rẹ̀ ni ó wà káàkiri, lábẹ́ ibùsùn àti nínú páálí lókè àjà. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ lè jẹ́ eré Yorùbá ọdún 1990 tí a kò dà sórí àwo rí, tí ìyá rẹ̀ ti sọnù, tí olówó rẹ̀ ti kú. Ní etí kásẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà tí àwọn tí ń ta eré ti ṣẹ́ kúrò kí ẹ̀rọ má lè gba ohun mìíràn lé e lórí. Sẹ́lótéèpù díẹ̀ tí a bá lẹ̀ mọ́ ojú ihò náà ti tó láti ṣí ilẹ̀kùn yẹn padà, ìṣẹ́jú 10 eré kúkúrú a sì pa ìṣẹ́jú 10 eré àtijọ́ rẹ́ láéláé, bí a ti ń pa á rẹ́ ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán nígbà tí téèpù wọ́n.

Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kí a tó lò ó. Bí èérún funfun bíi ti búrẹ́dì tí ó bu bá ti wà ní etí téèpù, tí a lè rí láti ojú fèrèsé kékeré rẹ̀, kí a má gbé e sínú ẹ̀rọ rárá; èbu náà yóò ba orí ẹ̀rọ jẹ́, yóò sì tàn dé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nù ni kí a gbé e fún. Nígbà tí ó bá sì padà dé, kí kọ̀ǹpútà tí yóò gbà á sílẹ̀ ti máa ṣiṣẹ́ kí a tó fi í sínú ẹ̀rọ, nítorí irú téèpù bẹ́ẹ̀ lè má lọ ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó já.